Ojú Ewé Tó Ṣófo: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ìwé Kékeré Tí Mo Kọ fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀dà 38 ìwé tí mo kọ ni tíṣà kan tò sórí tábìlì fún mi, bírò pupa sì wà nínú gbogbo wọn. Mo ṣí èyí tó wà lókè pátápátá. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé, "Kí lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí?" Ní ojú ewé 12 tí mo fi sílẹ̀ lófìfo fún un, ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Mo gbàdúrà fún àwọn òbí mi àti àwọn olùkọ́ mi." Tíṣà fún un ní 8 nínú 10. Mo ṣí èkejì, àdúrà náà ni. Ẹ̀kẹta gbá yàrá ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ẹ̀kẹrin tún gbàdúrà. Kí n tó ka ìwé kẹwàá tán, ó ti yé mi pé kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì yẹn tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà ni gbogbo wọn ń dá lóhùn.

Àwọn mélòó kan nínú àwa tí à ń kọ̀wé fún ọmọdé lédè Yorùbá ti bi mí ìdí tí ìtẹ̀jáde kejì ìwé náà kò fi jọ àkọ́kọ́ rárá. Ìdí nìyí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, mi ò ní dárúkọ tíṣà, mi ò sì ní dárúkọ ìwé pàápàá, kó má di pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tajà.

Ìwé pẹlẹbẹ ni, ojú ewé 48. Ìtàn kéékèèké 10 ló wà nínú rẹ̀, ojú ewé mẹ́rin-mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìtàn gba méjì, ìbéèrè gba ọ̀kan, ìkẹrin ṣófo pátápátá, kí ọmọ rí ibi kọ tinú rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ ọdún 12 sí 15 ni mo ní lọ́kàn. Òwe kan ló sì ti mí débẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀: bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tó máa gbé e dìde. Àgbà ń wo ohun tó gbé òun ṣubú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá òwe yìí jà nínú ọkàn mi. Ta ló ní ọmọ ọdún 13 kò lè wẹ̀yìn díẹ̀ kó tó dìde?

Ẹ wo irú ìwé tí à ń fún ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹ̀bùn nílé ìwé, tàbí lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìmọ̀ràn ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: ṣe báyìí, má ṣe tọ̀hún, jí ní kùtùkùtù, yan ọ̀rẹ́ rere. Púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe Yorùbá. Kò sí èyí tó dákẹ́ kó gbọ́ ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ rò. Èmi fẹ́ kọ ìwé tó máa dákẹ́. Ojú ewé tó ṣófo yẹn ni ìdákẹ́jẹ́ mi, ó sì wù mí ju àwọn ìtàn lọ.

Ṣómólú ni mo ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà 500. Mo wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road n'Ìbàdàn, mo sọ̀ ní Ojota, mo tún wọ ọkọ̀ dé Onípanu. Ẹni tó bá ti tẹ ìwé Yorùbá rí ti mọ ohun tó kàn. Mo kọ iṣẹ́ mi dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tèmi, pẹ̀lú àmì lókè àti nísàlẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń to ìwé gbé e sínú Corel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ojú ewé, àpótí kéékèèké ló bo gbogbo ojú ewé. Kọ̀ǹpútà mọ ẹ, ó mọ ọ, ó mọ ṣ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n ń so pọ̀ níbẹ̀, tí fọ́ǹtì kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó, àmì á fò lọ síbòmíràn tàbí kó di àpótí. Ọmọkùnrin náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Kí n tó dé láti ibi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó ti pa gbogbo àpótí àti gbogbo àmì rẹ́, ó fi lẹ́tà lásán dípò wọn.

Ìtàn kẹta bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ọkọ̀ bàbá mi bàjẹ́ lọ́nà." Nínú èyí tó tẹ̀ jáde fún mi láti yẹ̀ wò, ó di "Oko baba mi baje lona." Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò kéré, ẹ sì jẹ́ kí n fi í síbẹ̀ pé mo mọ èyí tí JSS 2 máa yàn. Ọmọkùnrin náà kà á sókè, ó bojú, òun àti ẹni tó ń ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord sì rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, à ń dá àmì padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo sọ èyí nítorí ohun kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ àmì abẹ́ lẹ́tà. Mi ò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láti bi ara mi pé, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kọ nǹkan sí ojú ewé òfìfo mi, ta ló máa kà á?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé kan lápá Mọ́níyà ló ra ìwé 40 fún kíláàsì JSS 2 kan. Wọ́n pè mí wá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín in. Mo ka ìtàn ọkọ̀ tó bàjẹ́ fún àwọn ọmọ, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Mo gbé ìwé sókè, mo fi ojú ewé tó ṣófo hàn wọ́n, mo ní, "Tìrẹ nìyí. Kọ ohun tó bá wà nínú rẹ." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo lọ sílé, inú mi dùn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni tíṣà pè mí lórí fóònù pé kí n wá wo iṣẹ́ ribiribi tí àwọn ọmọ ṣe.

Obìnrin àgbà ni, ó ti ń kọ́ Yorùbá kí n tó wọ ilé ìwé gíga, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ìwé 38 tí mo ń wí yìí, ó ti kà á láti òkè délẹ̀, ó ti tún àṣìṣe wọn ṣe, ó ti fi máàkì sí i. Inú rẹ̀ dùn sí wọn. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ń ṣí ìwé lọ, mo ń mi orí, títí mo fi dé èyí tí ojú ewé 24 kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi bíléèdì gé e, ó mọ́lẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi rúlà tọ́ ọ. Tíṣà fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé: "Ta ló ya ìwé? 0/10."

Ojú ewé 23 ti bá a lọ, torí náà mo ṣí i nínú ìwé ọmọ mìíràn láti wo ìbéèrè tí mo kọ. "Kí ló wà nílé yín tí o kì í fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rí?"

Ojú tì mí. Èmi tí wọ́n bí sílé Yorùbá, tí mo ti gbọ́ àìmọye ìgbà pé ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo, ni mo jókòó tí mo kọ irú ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tó gé ojú ewé rẹ̀ ni mo gbà pé ó ronú jù lọ nínú gbogbo wọn. Ó ti kọ nǹkan kan síbẹ̀, ó dá mi lójú, torí kò sẹ́ni tó ń gé òfìfo. Lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán ló rántí pé wọ́n máa gba ìwé.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, kí ló mú yín máa fi máàkì sí i?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. "Àbúrò mi, tí mi ò bá máàkì í, wọn ò ní ṣe é. Kíláàsì yìí ní iṣẹ́ ilé láti ọ̀dọ̀ tíṣà mẹ́wàá. Èyí tí kò ní máàkì, ẹ̀yìn àpò ló ń wà. Òbí tó bá sì ṣí ìwé ọmọ rẹ̀, tó bá a lófìfo, èmi ló máa wá bi léèrè ohun tí mò ń ṣe níléèwé. Ìwọ á ti lọ sílé rẹ nígbà yẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a gbìyànjú rẹ̀ láìsí máàkì fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ó gbà, kò jà. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo padà lọ. Nínú ìwé 38, mẹ́ta ló ní ọ̀rọ̀ tuntun nínú, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal tí wọ́n tò bí wọ́n ṣe máa wọ pápá. Tíṣà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn tún àwọn ìwé tò dáadáa, ó kó wọn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá fẹ́ dá tíṣà lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dúró níwájú JSS 2 ní aago kan ọ̀sán rí. Ọwọ́ ilé ìwé ni mo fi ìwé náà lé, mo wá ń retí kó máa hùwà bí ìwé tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní ilé ìwé, ohun tí ọmọ bá kọ, ẹnìkan máa kà á. Ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kíláàsì àkọ́kọ́. Èmi àgbàlagbà ni mi ò mọ̀.

Àṣìṣe kejì pẹ́ kó tó hàn sí mi, ó sì dùn mí ju àkọ́kọ́ lọ torí pé nínú èdè fúnra rẹ̀ ló wà. Mo wà nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ka àwọn ìbéèrè mi sókè láti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, ń fọ abọ́ lẹ́yìn mi. Mo ní, "Kí lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí?" Omi dákẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ti kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, "Mà, mi ò ṣe nǹkan kan o."

Ẹ rò ó wò. Nínú ilé wa, ìgbà wo ni àgbà ń bi ọmọdé pé "Kí lo ṣe"? Ìgbà tí nǹkan bá fọ́ ni. Ìgbà tí owó bá dín lábẹ́ ìbùsùn ni. "Kí lo rò tó o fi ṣe é?" Ẹgba ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè yẹn. "Ṣé o mọ irú ènìyàn tó o jẹ́?" Èébú pọ́ńbélé ni. Mo ka ìbéèrè mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mẹ́fà nínú wọn ló fi "Kí lo" bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo ń pe ọmọ wá jókòó tì mí, àṣé ẹjọ́ ni mò ń pè é sí. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ yóò wá ẹ̀rí rere kó jọ: mo gbàdúrà, mo gbálẹ̀, mo gbọ́ràn.

Lẹ́yìn èyí mo ronú oríṣiríṣi. Mo ronú ìwé dáyárì tó ní kọ́kọ́rọ́. Owó rẹ̀ ju ti ìwé lọ, ìyá ọmọ ló sì máa di kọ́kọ́rọ́ náà mú. Mo ronú pé kí n yọ ìbéèrè kúrò, kí ìtàn nìkan kù. Èyí ì bá ti parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn lásán nìyẹn, irú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Òjò ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Mo wà lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan nígbà tí òjò dé, òjò ńlá tó ń lu páànù tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ mọ́. Tíṣà pa ìwé dé. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀ díẹ̀, ló bá gbé ohùn sókè: "Àlọ́ o!"

Gbogbo kíláàsì: "Àlọ̀!"

"Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?"

"Àgbàrá!" Wọ́n ń nawọ́ sí ojú fèrèsé, níbi tí àgbàrá gan-an ti ń gba àárín pápá lọ.

"Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́."

"Ọmọrogùn!"

"Awẹ́ obì kan, à jẹ dé Ọ̀yọ́."

Èyí mú wọn dúró díẹ̀ kí ọmọbìnrin kan tó pariwo pé "Ahọ́n!" Ọmọ tó bá já a láǹfààní láti pa tirẹ̀. Ó yí kiri títí ó fi kan ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó dìde, ó ní: "Mo ní ọ̀rẹ́ kan, tí iná bá ti lọ ló máa ń wá."

Ẹ̀fọn! Rárá. Àbẹ́là! Rárá. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì! Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Oorun? Rárá. Wọ́n ní kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò sọ. Ó jókòó. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ní nǹkan tí gbogbo kíláàsì fẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wo tíṣà, tíṣà wò mí.

Ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn, tí mo fò kọjá lọ wá ojú ewé òfìfo. Àlọ́ àpamọ̀ ń sọ nǹkan, ó sì ń fi í pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó bá máa pa àlọ́ nípa ara rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ fínnífínní: kí ni nǹkan tèmi yìí jọ? Kí ló ń ṣe? Báwo ni mo ṣe máa wí i tí kò fi ní hàn? Lẹ́yìn náà, ó lè gbé e fún gbogbo ayé kà, tíṣà lè kà á, ìyá lè kà á, ìtumọ̀ sì wà lábẹ́ ahọ́n ọmọ. Tíṣà náà rí ohun tó ń fẹ́, torí pé àlọ́ àpamọ̀ wà nínú lítíréṣọ̀ alohùn tó ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ó lè fún àlọ́ ní máàkì: ṣé ó rí bí àlọ́, ṣé ó ṣókùnkùn tó, ṣé àmì ohùn pé? Ìtumọ̀ kò ní máàkì kankan, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀.

Ohun kan wà tí tíṣà ló rò ó, èmi kọ́. Ó ní tí àlọ́ ọmọ kan bá ṣe òun bákan, tó jọ pé ewu wà nínú ọ̀rọ̀ náà, òun á pe ọmọ náà lọ́tọ̀, òun á bi í bóyá ara le, bóyá ilé dára. Àlọ́ kò ní jáde lẹ́nu òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ẹ̀gbọ́n.

Ìtẹ̀jáde kejì jẹ́ ojú ewé 32. Ojú ewé òfìfo ti lọ, ìbéèrè ti lọ. Lẹ́yìn ìtàn kọ̀ọ̀kan, àlọ́ àtijọ́ kan tàbí méjì ló wà níbẹ̀ fún ọmọ láti já, àti ọ̀rọ̀ ìyànjú ìlà kan: "Pa tìrẹ. Má sọ ìtumọ̀ rẹ̀." Inú nótìbúùkù Yorùbá wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Torí pé ìwé ti yàtọ̀ báyẹn, mo ní láti gba ISBN tuntun, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ National Library. Lọ́tẹ̀ yìí PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀ ni mo gbé lọ sí Ṣómólú, kò sì sí ọkọ̀ tó di oko. Ọmọkùnrin tó ń to ìwé wò ó, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti yọ gbogbo òfìfo yẹn. Owó yín ti dínkù." Ó dínkù lóòótọ́.

Mi ò ní pa irọ́ pé ohun gbogbo wá dára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlọ́ tí wọ́n pa ní sáà tó tẹ̀lé e jẹ́ àlọ́ àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Bọ́ọ̀lù pọ̀, fóònù pọ̀, bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu mọ́ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kò sí àdúrà. Nínú 38, mo ka 15 tí mi ò lè já, tí mo sì lérò pé ẹni tó pa wọ́n kò fẹ́ kí n já wọn. Bóyá ọmọ ronú nípa ayé rẹ̀ lóòótọ́ kó tó kọ ọ́, mi ò lè fi ẹ̀rí hàn, n kò sì tún fẹ́ máa wá ẹ̀rí náà.

Ọmọ tó fi bíléèdì gé ojú ewé 24 wà lára àwọn 15 náà. Àlọ́ tirẹ̀ rèé: "Yàrá kan, ilẹ̀kùn mẹ́ta, ojú fèrèsé lèmi ń gbà wọlé." Tíṣà fún un ní 9 nínú 10. Ó yọ máàkì kan torí pé ọmọ náà gbàgbé àmì abẹ́ e nínú "ilẹ̀kùn." Ó tún pè é lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, ọmọ sì fi yé e pé kò sí wàhálà kankan, àlọ́ ni.

Ọjọ́ tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, mo rí i lẹ́nu géètì. Mo ní ṣé orí ni? Ó ní rárá, Mà. Mo ní ṣé ilé ìwé ni? Rárá. Mo ní ṣé ìwé ni, tí gbogbo ènìyàn ń gba ẹnu ọ̀nà wọ̀, tí ìwọ ń gba ibòmíràn? Ó rò ó díẹ̀, ó jọ pé èyí wù ú, ó tún mi orí.

"Ẹ ò tíì já a, Mà," ó ní, ó sì sáré bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.